Òrí Tí Rẹ̀mílẹ́kún Fi Pa Àbẹ́là

"Bí mo bá jẹ́ kí ìda yìí dì kí n tó sọ̀rọ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé." Bẹ́ẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó sì kúnlẹ̀ sáàárín gbọ̀ngàn tí àwọn obìnrin ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ n'Ìkọ̀lé. Gbogbo ọwọ́ tó ń lẹ òdòdó mọ́ àbẹ́là dúró. Iwájú Ìyá Èyítáyọ̀ ló kúnlẹ̀ sí, ẹni tó kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́ náà kó tó fi í sílẹ̀. Màmá kàn yà wá wòran lọ́jọ́ náà ni, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sínú ìró. Ọwọ́ tó kó pamọ́ yẹn ni Rẹ̀mílẹ́kún rí tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Ayé mà dùn nígbà tí màmá ń kọ́ wọn o! Ìda á máa yọ́ nínú agolo mílíìkì lórí sítóòfù, òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò kan. Ìyá Èyítáyọ̀ á fi ọ̀bẹ gé ìda aláwọ̀ bí ewé òdòdó, á fi ẹ̀yìn ṣíbí gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ àbẹ́là, á ní, "Rọra o, ọmọ mi. Uṣẹ́ yìí ò fẹ́ ìwàǹwára." Á sì dá orin sílẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ó sì tún ń jowú rẹ̀.

"Àbẹ́là ńlá Àjíǹde tí ẹ ṣe kẹ́yìn, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jáde lọ bomi lọ́jọ́ náà. Òrí tí mo fi ń pa gìgísẹ̀ wà nínú báàgì mi, mo fi pa àbẹ́là náà látòkè délẹ̀ kí ẹ tó lẹ òdòdó sí i. Mo mọ̀ pé ìda kì í di ara òrí mú. Ìkà gbáà ni mí! Bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Àjíǹde, òdòdó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo ìjọ."

"Háà, Àǹtí Rẹ̀mí!" ni Oyin, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin ibẹ̀, kígbe.

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Èmi náà ni mo ṣa àwọn òdòdó yẹn nílẹ̀. Èmi ni mo dì mọ́ yín tí mo ní, 'Ìyá mi, ọjọ́ orí ló ń gbọn ọwọ́ yín. Ẹ lọ sinmi.' Ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ gbé ṣíbí yín fún mi!"

Ìyá Èyítáyọ̀ yọ ọwọ́ nínú ìró, ó ń wò ó. "Kì í ṣe ọwọ́ mi? Látìgbà yẹn ni mo ti ń bínú sí i. Bí mo bá ń gúnyán nínú ulé, mo á máa bú u."

Ẹkún gba ẹnu Rẹ̀mílẹ́kún. "Ẹ forí jì mí, Ìyá mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, bí ẹ bá ń jowú ẹnì kan, ẹ sọ fún un. Ẹ má fi àánú bò ó."

Màmá na ọwọ́ sí i. "Gbé ṣíbí mi wá," ló wí.

Ó ti ṣíbí náà bọ iná, ó mú òdòdó pupa kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àbẹ́là. Ọwọ́ náà gbọ̀n lóòótọ́ báyìí, nítorí ó ti pẹ́ jù tí màmá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òdòdó yọ̀, ó já bọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún ṣà á nílẹ̀. Ó nu òdòdó náà mọ́ aṣọ rẹ̀, ó fi lé màmá lọ́wọ́, ó sì lọ gbé ṣíbí padà sórí iná.