Yásíìn Lójú Tábúlẹ́ẹ̀tì

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu àlùfáà àgbà kan àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń padà sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ara bàbá ò balẹ̀. Ó ń fi ìka gbá tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun tó wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ rọra, bàbá. Ẹ kàn fọwọ́ bà á ni," ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wí.

"Ọmọ mi ló rà á fún mi. Kùránì wà nínú rẹ̀, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré, ojú mi ò gbé e. Wọ́n sì ń dúró dè mí ní Ìrẹsà kí n wá ka Yásíìn fún ọ̀rẹ́ mi tó kú."

"Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n sórí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti pè mí pé ó kú, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rántí."

Ọmọbìnrin náà súnmọ́ ọn.

"Ẹ fi ìka méjì lé e, kí ẹ wá ya wọ́n síra."

Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà náà sì tóbi sí i.

"Ṣé iná rẹ̀ ò ní tán lọ́nà?"

"Ó ṣì kún, sà."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́. Awakọ̀ pa rédíò. Kò pẹ́, ló bá bú sẹ́kún.

Ọmọbìnrin náà gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sunkún yín, bàbá. Mo bá yín dì í mú."