Àkùkọ Tó Ń Kọ Lẹ́yìn Fóònù

Nínú bọ́ọ̀sì Ìkìrun sí Òkukù, ọmọbìnrin kan àti àǹtí ẹ̀ jókòó níwájú mi, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tí adìẹ ìyá mi gan-an ò gbọ́ràn sí lẹ́nu, mo bá na etí.

"Àǹtí, ilé iṣẹ́ wa ti dé orílẹ̀-èdè márùn-ún. Inú yàrá mi ní Inísà ni mo ti ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n yọ ẹnì kan níṣẹ́ lónìí."

"Ta lo fẹ́ yọ?"

"Bàbá kan ní Gánà. Mo mọ ohùn wọn lórí fóònù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ga tó. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, àkùkọ kan á máa kọ lẹ́yìn wọn. Mo lá àlá pé àkùkọ yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò kọ, ó kàn ń wò mí."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Torí wọn kì í bínú ni mo ṣe mú wọn."

"Hẹn-ẹn. Wọn kì í bínú."

"Ẹ má sọ ọ́ báyẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi, èmi tí mo máa ń bínú sí abọ́ tí mo bá fẹ́ fọ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, kò tíì tẹ nǹkan kan.

Inísà tó wà lójú ọ̀nà ni mò ń lọ. Òkukù ni mo ti sọ̀kalẹ̀, mo ṣì ń retí kí àkùkọ yẹn kọ lẹ́yìn fóònù.