Ojú Ọgbẹ́ Ni O Jẹ́ Kí N Máa Tẹ̀

Abíbátù! Má dìde, jókòó síbẹ̀, gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, èmi ìyá rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Òde-Omi, tí mo ru agbọ̀n ẹja wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, pé ọmọ mi bímọ, kí n wá bá a wẹ ọmọ, kí n bá a fi aṣọ gbígbóná tẹ ọmú kí wàrà lè dà, èmi lo sọ di aláìmọ̀kan báyìí? Wàláì, o ṣeun!

Ìyá ọkọ rẹ ló sọ fún mi, lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ yẹn, níbi tí mo ti ń fẹ́ná sábẹ́ omi. Ó ní, "Ìyá Abíbátù, ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́ o, ibi tí dókítà Lọ́ńdọ̀n gé kò tíì jinná tán." Mo ní, gé kí ni? Ó wò mí, ó ní, "Àṣé wọn ò sọ fún yín?" Àṣé wọn ò sọ fún mi! Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú iná.

Ó ní ọmú lo jẹ́ kí wọ́n gé, nítorí kí ó lè dúró! Ọmú tí Àlímì, àkọ́bí rẹ, mu tó fi sọ̀ kalẹ̀, kí ló ṣe é? Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rán ọkọ rẹ lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀n, o bá a lọ, wọn ò rán ìwọ lọ gbé ọmú sókè! Ó dáa, ara rẹ ni, n kò bá ọ jà sí ìyẹn. Kókó inú ẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń tẹ kókó yẹn, mo ní wàrà ló dì, mo ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ìwọ ń payín keke, omijé ń bọ́ lójú rẹ, mo ní pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mo tún ti aṣọ bọ omi, mo tún tẹ̀ ẹ́! Ojú ọgbẹ́! Ọwọ́ èmi tí mo bí ọ! Bí mo bá ní kí o ṣí aṣọ kí n rí i, o ní òtútù ń mú ọ. Òtútù kí ni, nínú ooru yìí?

Kí lo wí? Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé n ó pariwo? Ta ló ń pariwo? Ẹ̀yin ará àdúgbò Atikori yìí, ẹ wá gbọ́ o, wọ́n ní mò ń pariwo!

Nígbà tí oówo ń sọ ọ́ ní kékeré, ta lo máa ń sá wá bá? Obìnrin tí kò lóyún rẹ rí, òun lo wá fi ọgbẹ́ hàn.

Ìyá ọkọ rẹ ní dókítà yẹn sọ pé bí kókó bá yọ, kí o tètè fi han oníṣègùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Má kàn máa mirí sí mi. Ó yọ, o dákẹ́. Ó ń ṣomi, o fi òwú dí i, o tún gbé àyà kalẹ̀ fún mi kí n tẹ̀ ẹ́. Bó bá di ohun tí apá ò ká ńkọ́? Ta ni yóò fún ọmọ yìí lọ́mú? Èmi tí tèmi ti gbẹ?

Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ̀ Ìbàdàn ni a ó wọ̀. N ó tẹ̀lé ọ dé iwájú dókítà, kí ọkọ rẹ jókòó síta kó máa kàwé. N kò bi ọ́ bóyá o fẹ́ lọ. Omi gbígbóná yẹn, mo ti dà á nù.

Ó yá, ọmọ ti sùn. Tú aṣọ àyà yẹn. Ṣebí ẹlòmíràn ti rí i. Tú u. Mi ò ní fọwọ́ kàn án, Abíbátù, wò ó, mo ti ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ojú lásán ni mo fẹ́ fi wò ó.