Ìwé Ló Dàgbà

Lórí ìlà tí a tò ní kóòtù Ọ̀tà láti búra ọjọ́ orí ọmọ ni mo ti gbọ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń bá ọkùnrin iwájú rẹ̀ wí, torí pé onítọ̀hún fẹ́ fi ọdún méjì kún ti ọmọbìnrin rẹ̀ kí yunifásítì lè gbà á.

"Ọmọ ọdún mélòó ni gan-an?"

"Mẹ́rìnlá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀wé."

"Ẹṣin ni mo tọ́jú ní pápá eré ìje l'Ékòó. Eré kan wà fún àwọn ẹṣin ọlọ́dún méjì. Nínú ìwé wọn, ọjọ́ kìíní ọdún ni gbogbo ẹṣin ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí. Ìparí ọdún ni wọ́n bí tèmi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan díẹ̀ ni, ìwé ti pè é ní ọlọ́dún méjì. Wọ́n ní kó sáré. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kán."

"Ẹ ò sọ fún wọn ni?"

"Èmi ni mo tẹ̀ka síwèé ẹ̀!"

"Wọ́n ṣáà ti fagi lé eré yẹn."

"Owó ló tán lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe pé àánú ṣe wọ́n. Ìwé ló dàgbà, ọ̀gbẹ́ni. Ẹsẹ̀ ò dàgbà."

Ìlà sún síwájú. Gbogbo wa bá a sún, àtèmi tí mo mú ìwé ọmọ tèmi dání.