Wáyà Baba Ràfíù

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Inú mi ń dùn, ojú sì tún ń tì mí, àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ sọ fún yín. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Ṣakí yìí, èmi náà ni mo dúró láàárín ọjà tí mo pe bàbá àgbàlagbà ní oníjìbìtì. Ẹnu mi ni! Ẹnu mi yìí á kó bá mi lọ́jọ́ kan.

Ọmọ aláṣọ òfì ni mí, ní Ìsẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo fi ń wo fídíò, títí mo fi dá ṣe ètò kan tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè ìdánwò, tó sì ń máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wá fẹ́ kí gbogbo kíláàsì wa máa lò ó láìra dátà. Inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni ètò náà máa wà, a ó wá fa wáyà gígùn kan láti ibẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn yòókù ti so mọ́ra wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin tó ń mójú tó yàrá náà fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní tí mo bá dójú ti òun, n kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ọ̀dọ̀ Baba Ràfíù, tó ń ta wáyà lọ́jà, la ti rà á. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, a ó sì tò wọ́n sínú orí tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Fídíò fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ ahunṣọ, ṣé ẹnìkan ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀ ni? Wọ́n ní kí n ya gíríìnì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun onílà gíríìnì, kí búlúù àti ìkejì rẹ̀ wà láàárín wọn. Rádaràda ló jọ lójú mi. Mo kó àwọ̀ kan náà ti ara wọn, ó sì lẹ́wà! Mo kọ́kọ́ gé èyí tó kúrú nínú rẹ̀, mo fi dán ìtò náà wò lórí tábìlì, ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí a wá so èyí tó gùn, tí gbogbo kíláàsì jókòó, ó ń wọlé, ó ń já, bí ẹni tó ń ṣe òsúkè. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Ǹjẹ́ mo yẹ ọwọ́ ara mi wò? Ó tì o! Ọjà ni mo gbà lọ, mo pariwo lé Baba Ràfíù lórí pé ayédèrú ló tà fún wa. Ó ní, "Wáláì, ọmọ mi, ojúlówó ni." N kò gbọ́. Àwọn tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ yí padà níṣojú mi.

Ní Jímọ̀, mo lọ sílé, mo jókòó ti bàbá mi nídìí òfì. Ó gbé sáńpù tí oníbàárà mú wá sórí itan, ó ń wò ó, ó ń to òwú, ó sì ń pòṣé. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìbá wù mí kí pupa yìí sún mọ́ pupa. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa ró o."

Yéè! Mo fò dìde. Kọ̀ǹpútà ló máa lo wáyà, èmi wá ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́!

Ní Mọ́ńdè, mo bẹ ọ̀gá wa títí ó fi gbà. N kò ra wáyà mìíràn. Mo gé orí méjèèjì, mo to àwọn okùn náà bí fídíò ṣe wí; bí wáyà bá kúrú, ìtò tèmi lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gùn, iṣẹ́ tí wáyà ń jẹ́ máa ń dàrú lójú ọ̀nà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yọ lójú gbogbo kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, kò já rárá. Ariwo tí wọ́n pa! Ọ̀gá wa fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́ padà, ó ní, "Ẹnjiníà!" Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá kọ́ṣẹ́ bíi tèmi, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá kọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti yàrá kọ̀ǹpútà, ọjà ni mo gbà lọ. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo ti bú Baba Ràfíù gan-an, mo ń bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, "Ohùn tí o fi bú mi lọ sókè ju eléyìí lọ."

Ni mo bá dìde, mo fi gbogbo agbára mi kígbe kí gbogbo ọjà gbọ́: "Wáyà Baba Ràfíù, ojúlówó ni!"