Ẹ Fi Iṣẹ́ Oko Rọ́pò Físíìsì Ọmọ Mi

Mi ò jókòó! Bọ̀ọ̀dá Bọ́láwálé, ẹ má wulẹ̀ fa àga fún mi, ìdí mi ò ní kan àga ilé yìí lónìí. Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀, aago márùn-ún ìdájí la ti wà ní gáréèjì nítorí epo tí ò sí, ìdúró ni mo dúró nínú bọ́ọ̀sì dé Oǹdó yìí, kò sì rẹ̀ mí, ìbínú ló gbé mi ró. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa, ẹ fẹsẹ̀ gbá àpótí, ẹ wá ń pariwo pé ta ló gbé e síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àpótí yẹn wà láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ́lé. Àpótí kọ́ ló ń bá yín jà o. Èmi Ìbídùnní àbúrò yín ni mo gbé ìjà wá.

Oyèbọ́lá ọmọ mi, gba ẹ̀yìn lọ, bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n má baà sọ pé mi ò kọ́ ẹ. Tí o bá dé, kúnlẹ̀, kí o sì panu mọ́ bí mo ṣe sọ fún ẹ. Èmi ni màá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ṣé ẹ mọ ibi tí a wà lọ́jọ́ Ẹtì? Yunifásítì tó fún ọmọ mi láàyè! Òpítọ́mẹ́tírì, iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ojú wò, odindi ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó pe èèyàn ní dókítà ojú. Máàkì tó gbà ní JAMB ju èyí tí wọ́n béèrè lọ. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì gba èsì WAEC rẹ̀, ó ń fi bírò tọ̀ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì, ó wà. Ìṣirò, ó wà. Kẹ́mísírì, Báyọ́lọ́jì, wọ́n wà. Ni bírò bá dúró. Ó ní, "Ìyá, Físíìsì dà?" Mo ní ó wà níbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa. Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín o! Mo rò pé ọkùnrin náà ni ò ríran. Ló bá yí ìwé sí mi. Ágíríìkì! Iṣẹ́ oko ló wà níbi tó yẹ kí Físíìsì wà! Krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń fẹ́, ìjókòó kan ṣoṣo, Físíìsì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ó ní ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú. Ó fa ìlà pupa sórí orúkọ ọmọ mi, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn, ọmọ ti ń sunkún. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là á fún mi. Háà! Ẹ̀yin! Ọmọ ìyá mi! Ẹ̀yin tí mo fà á lé lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta, pé kó máa gbé lọ́dọ̀ yín, kó máa lọ sílé ìwé tí ẹ ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá, torí mo ní ọwọ́ ẹni tèmi ló wà. Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí WAEC, ẹ̀yin náà lẹ yọ Físíìsì, ẹ fi iṣẹ́ oko dí i!

Kí lẹ wí? Kò sí olùkọ́? Ta ni ò mọ̀ pé kò sí olùkọ́? Ta ni ò mọ̀ pé olùkọ́ Físíìsì yín ti bá tirẹ̀ lọ sókè òkun nígbà tí ìlú le? Ṣé ìyẹn ní kí ọmọ yìí má fi ìwé àyálò kọ́ ara rẹ̀ ni? Ẹ rí i tó ń kà á ní pálọ̀ yìí! Ẹ ò kàn fẹ́ kí àwọn tó máa fìdí rẹmi pọ̀ nínú èsì ilé ìwé yín ni, torí ipò ọ̀gá àgbà tí ẹ ń lé. Lọ́jọ́ ìdánwò Físíìsì, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì ló jókòó sí títí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí ẹ gbà láyè fi ṣe tiwọn tán. Ẹ wá ní, "Má sọ fún ìyá rẹ, Ágíríìkì náà sáyẹ́ǹsì ni, wọ́n á gbà á." Ọmọ sì gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ọlọ́run ò sùn o!

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn ló yàn ni, bóyá ǹ bá gbé e mì. Ẹ ti gbàgbé Bàbá wa ni? Bàbá á kọlu odó, àwa á ní ọtí ni. Wọ́n á ní àwọn ọmọ ló ń gbé nǹkan sọ́nà àwọn, wọ́n á máa ṣépè. Ta ló kọ́kọ́ mọ̀? Oyèbọ́lá tí ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn. Ó na ẹ̀pà sísè sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, ó na ọwọ́ títí, Bàbá ò gbà á. Àwa ní Bàbá ń bá a bínú. Ọmọ ló ní, "Màámi, Bàbá ò rí mi." Kí á tó gbé wọn dé ọsibítù ní Àkúrẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ rántí ohun tí dókítà sọ? Ó ní ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ wọ àárín, èyí tó bá sì ti jẹ ò ní padà. Ó ní àìsàn ìdílé ni, kí gbogbo ọmọ Bàbá máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún. Èmi ń lọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní ojú yín dáa, ẹ ń ka ìwé ìròyìn láìlo gíláàsì. Ọmọ yẹn ló ní òun á ṣọ́ ojú gbogbo wa. Òun náà lẹ wá dí lọ́nà!

Mi ò ní ṣépè. Ọmọ ìyá kì í ṣépè fún ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀san ò gbọ́ oògùn, Bọ̀ọ̀dá. GCE ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin lẹ máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, níṣojú mi, iṣẹ́ márààrún, Físíìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ẹ tiẹ̀ gba omi lọ́wọ́ ọmọ ná! Látìgbà tí mo ti ń sọ ti Bàbá ló ti kúnlẹ̀, tó na ife sí yín. Àbí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ náà lẹ tún máa bínú? Omi lásán, ẹ ò lè gbà á?

Kí lẹ wí?

Ẹ ní omi wo? Omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún yín, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ní ibo ni ọmọ... Yéè. Yéè, Bàbá mi o.

Rárá, ẹ má yíjú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má yíjú. Èmi ni kí ẹ máa wò, imú mi yìí ni kí ẹ tẹjú mọ́. Oyèbọ́lá, gbé ife sílẹ̀. Má sunkún. Na ìka rẹ sókè níbi tí o wà yẹn.

Bọ̀ọ̀dá mi, ìka mélòó ni? Ẹ má méfò. Ẹ ṣáà máa wò mí. Ìka mélòó?