Tapólì Lórí Sólà

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Malete bọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, apẹ̀rẹ̀ tòmátì mi lórí itan. Bàbá arúgbó kan ló ń ráhùn fún obìnrin tó ń ta sólà ní Challenge.

"Àwọn òyìnbó tó fún abúlé wa ní sólà tí ń fa omi ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Bí wọn ò bá bá omi níbẹ̀, abúlé mìíràn ni wọ́n máa kó o fún. Omi ò sì yọ láti ìjẹta!"

"Kí lẹ ṣe sí i, bàbá?"

"Mo tọ́jú rẹ̀ ni! Tapólì tuntun ni mo fi bò ó."

"Ẹ bo sólà?"

"Nítorí oòrùn! Ọmọ mi, ta ló ń fi ẹ̀bùn àlejò sílẹ̀ nínú oòrùn?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lẹ́nu ẹni tó fẹ́ fi òùngbẹ pa odidi abúlé! Mo fi ìborùn di ẹnu mi.

Obìnrin náà ní, "Bàbá, oòrùn yẹn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀."

Bàbá fa fóònù yọ, ó pariwo: "Ìyá Sàlíù! Sáré ká tapólì yẹn kúrò! Láti ìjẹta la ti ń febi pa á!"